Ẹyẹ Tí A Kò Kà Sí

Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ẹlẹ́dàá fi sí ojú ọ̀run, ṣàṣà ni èyí tí ọmọ ènìyàn fi ojú yẹpẹrẹ wò tó igún. Orí rẹ̀ pá, ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, òkú ni oúnjẹ rẹ̀, ààtàn àti ibi ìpẹran sì ni ibùjókòó rẹ̀. Nítorí náà ni ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ lókò, tí àgbàlagbà sì ń fi orúkọ rẹ̀ bú ẹni tí kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa, tí ojú wọn tó ilé tí ó sì tó oko, kò wò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àwọn náà ni wọ́n sọ pé bí a kò bá rí igún, a kò lè ṣe ẹbọ, nítorí pé ẹbọ tí a gbé kalẹ̀ tí igún kò bà lé, ọkàn ẹlẹ́bọ kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọmọ wọn, wọn a ní gúnnugún kì í kú léwe.

Ilẹ̀ Íńdíà ni orí ìwé yìí yóò gbé wa lọ, níbi tí gúnnugún ti kú léwe. Láàárín ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ẹyẹ tí ó kún ojú ọ̀run ilẹ̀ náà, tí ó ń bà lórí igi àti òrùlé ní ìlú ńlá àti ní abúlé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, láìsí ogun, láìsí iná inú igbó, láìsí ọdẹ kan tí ó na ìbọn sí i. Ìtàn bí ó ṣe tán, bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ohun tí ó pa á rí, àti iye ẹ̀mí ènìyàn tí àìsí rẹ̀ gbà, ni mo yàn láti fi ṣe àlàyé ohun kan tí ó ṣòro fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti gbà: pé iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀dá mìíràn ń ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kì í hàn sí wa títí oníṣẹ́ yóò fi kú, àti pé ìwádìí tí a fi sùúrù ṣe ni ó lè jẹ́ kí a mọ iyì oníṣẹ́ náà nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Iṣẹ́ tí kò ní owó oṣù

Ẹran ọ̀sìn pọ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Bí a bá ka màlúù, ẹfọ̀n, ewúrẹ́ àti àgùntàn wọn pọ̀, iye wọn lé ní 500,000,000. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ará ilẹ̀ náà, ka màlúù sí ohun mímọ́, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í pa á jẹ; nítorí náà, nígbà tí igún ṣì pọ̀, màlúù tí àìsàn tàbí ogbó bá pa, ẹ̀yìn abúlé ni wọn yóò wọ́ òkú rẹ̀ lọ, àwọn oníṣẹ́ awọ yóò bó awọ rẹ̀, wọn yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún igún. Kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ kòtò, kò sí ẹni tí yóò ra epo láti fi sun ún. Agbo igún yóò sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kí wákàtí kan sì tó kọjá, egungun gbígbẹ ni yóò kù nílẹ̀. Àwọn Parsi, ìyẹn àwọn ọmọ ẹ̀yìn Zoroaster tí wọ́n ń gbé ìlú Mumbai, tilẹ̀ fi òkú àwọn ènìyàn wọn lé igún lọ́wọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ilẹ̀, iná àti omi jẹ́ mímọ́, kò sì tọ́ kí a fi òkú bà wọ́n jẹ́. Inú ilé gíga olókùúta tí kò ní òrùlé ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí, nígbà náà, igún a sì wá parí ìsìnkú.

Ẹlẹ́dàá sì ti fún igún ní gbogbo ohun èlò iṣẹ́ yìí. Orí tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó pá, àǹfààní ni ó jẹ́ fún ẹni tí ń ki ọrùn bọ inú òkú ẹran, nítorí kò sí ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí yóò lẹ̀ mọ́. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tí ó lè pa ènìyàn àti ẹran, títí kan ti àrùn anthrax, kì í là á já. Ìyẹ́ apá rẹ̀ gbòòrò, atẹ́gùn gbígbóná tí ń gòkè láti ilẹ̀ ni ó sì ń gbé e yípo lókè láìjẹ́ pé ó lo agbára púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ilẹ̀ àti àwọn igún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀kan bá bà, gbogbo wọn yóò tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá yìí kì í bí jọ̀ọ́rọ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń yé lọ́dún, ọmọ tí ó bá sì pa yóò lò tó ọdún márùn-ún kí òun náà tó lè bí. Ẹ̀mí gígùn ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ fi ń dí àìbí-púpọ̀ rẹ̀. Àdúrà àwọn baba wa kì í ṣe àsọdùn rárá. Òtítọ́ ìṣẹ̀dá igún ni wọ́n sọ, òtítọ́ kan náà sì ni ó fi ibi tí igún ti kù díẹ̀ káàtó hàn wá, nítorí pé bí ikú bá ń mú àwọn àgbà igún ju bí ó ti yẹ lọ, ìbí kò lè bá ikú dọ́gba láé.

Oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Igún kò gba owó oṣù, kò béèrè ìmoore, kò sí ìwé ìjọba kan tí a kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kú, kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí àlàfo ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kà á

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ikú yìí kedere rí i nítorí pé ó ti ka igún sílẹ̀ kí ikú tó dé. Orúkọ rẹ̀ ni Vibhu Prakash, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Bombay Natural History Society. Ní ọdún 1980 sí 1990, ó ń ṣe ìwádìí nínú Keoladeo, igbó ọba tí ó wà ní ìlú Bharatpur ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, ó sì kọ iye ìtẹ́ igún ẹ̀yìn-funfun tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀: ó lé ní 300. Ní àkókò náà, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí igún ẹ̀yìn-funfun yìí jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní àgbáyé nínú gbogbo ẹyẹ ńlá tí ń jẹ ẹran. Nígbà tí ọ̀kẹ́ àìmọye igún wà, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ráhùn pé wọ́n pọ̀ jù ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú, ta ni yóò rí ọgbọ́n nínú kí ènìyàn máa jókòó sí abẹ́ igi láti ka ìtẹ́ wọn? Síbẹ̀, nígbà tí Prakash padà sí Keoladeo ní àárín ọdún 1990 sí 2000, ìwé tí ó ti kọ sílẹ̀ ni ó sọ fún un pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìtẹ́ tí ó lé ní 300 ti dín sí ìdajì. Ní ọdún 1999, ó kù bí ogún. Òkú igún wà lórí ẹ̀ka igi àti nínú koríko, èyí tí kò sì tíì kú so orí kọ́ wálẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó já bọ́.

Ìkìlọ̀ rẹ̀ ta àwọn ẹlòmíràn jí. Wọ́n ka igún káàkiri ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Keoladeo ti ṣẹlẹ̀ ní ibi gbogbo. Ní ọdún 2000, àjọ IUCN, tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu, kọ irú igún mẹ́ta tí ó wà ní agbègbè náà sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé nínú 1,000 igún ẹ̀yìn-funfun tí ó wà ní Íńdíà ní ọdún 1992, ẹyọ kan péré ni ó kù ní ọdún 2007. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn irú méjì yòókù, kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ tí ó ṣẹ́kù. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí a fi wọn tuntun, ariwo àwọn ará oko pé igún kò pọ̀ mọ́ ìbá wọ inú atẹ́gùn lọ, àwọn alákòóso ìbá sì ní igún kàn ṣí lọ sí ibòmíràn ni.

Ohun tí ó wà nínú ẹran

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ fura sí àrùn tí ń ràn, àwọn mìíràn fura sí oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko, àwọn mìíràn sì fura sí ebi. Ní ilẹ̀ Pakistan, ní agbègbè Punjab, Lindsay Oaks, oníṣègùn ẹran láti Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti The Peregrine Fund bẹ̀rẹ̀ sí ṣa òkú igún jọ ní ọdún 2000, wọ́n ń la inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ, wọ́n bá ohun funfun kan tí ó bo ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín. Èyí ni ẹ̀gbin tí ó yẹ kí kíndìnrín sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti dì sí ara báyìí, kíndìnrín ti kú nìyẹn. Wọ́n wá kòkòrò àrùn, wọn kò rí i. Wọ́n wá apakòkòrò àti májèlé inú irin, wọn kò rí i bí ó ti yẹ kí wọ́n rí i.

Nígbà náà ni wọ́n yí ìbéèrè padà. Wọn kò béèrè mọ́ pé kí ni ó ń pa igún. Wọ́n béèrè pé kí ni ó ń wọ inú ẹran tí igún ń jẹ, tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ẹran àti àwọn tí ń ta oògùn, ìdáhùn tí wọ́n sì gbà ni diclofenac. Oògùn ìrora ọmọ ènìyàn ni, tí ó ti wà tipẹ́; ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1994, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Íńdíà tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi gún màlúù tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ibà ń ṣe, tàbí tí ọmú rẹ̀ wú. Àánú ẹran ọ̀sìn wọn ni ó mú kí wọ́n ṣe é, àánú náà sì tọ̀nà. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kò sí àgbẹ̀ tí ó mọ̀ pé ohun tí ń wo màlúù sàn, májèlé ni fún ẹyẹ tí yóò jẹ ẹ́ bí ó bá kú.

Ẹ̀rí tí Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2004 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Nature kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀. Igún 25 tí ó kú pẹ̀lú ohun funfun nínú ara ni wọ́n yẹ̀ wò; diclofenac wà nínú kíndìnrín gbogbo wọn. Igún 13 tí ohun mìíràn pa ni wọ́n yẹ̀ wò; kò sí nínú ẹyọ kan. Wọ́n tún fún àwọn igún kan ní ẹran tí a ti fi oògùn náà gún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn igún náà sì kú ikú kan náà. Lẹ́yìn èyí, Rhys Green àti àwọn onímọ̀ mìíràn fi ìṣirò hàn pé kò pọn dandan kí oògùn náà wà nínú òkú ẹran púpọ̀. Bí ó bá wà nínú ìwọ̀n tí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti tó láti pa gbogbo igún ilẹ̀ náà run, nítorí pé ọ̀pọ̀ igún ni ń pé jọ sí ara òkú kan, igún kan a sì máa jẹun lára òkú púpọ̀ láàárín ọdún.

Gbèsè tí ikú igún fi sílẹ̀

Òkú màlúù kò dáwọ́ dúró nígbà tí igún dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí rùn, omi òjò ń ṣàn gba ara òkú jíjẹrà wọ odò, àwọn ajá ìgboro sì gba ipò igún. Ajá kì í jẹ òkú mọ́ tó igún, kòkòrò àrùn kì í sì í kú nínú ikùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bímọ púpọ̀, ó ń bá ènìyàn gbé, ó ń buni jẹ, ó sì ń gbé àrùn dìgbòlugi kiri. Ní Íńdíà, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń pàdánù ènìyàn jù lọ ní àgbáyé sí ọwọ́ àrùn yìí, iye ajá ìgboro ròkè ní mílíọ̀nù márùn-ún ó lé ní àwọn ọdún tí igún ń tán lọ.

Ní ọdún 2024, Eyal Frank ti Yunifásítì Chicago àti Anant Sudarshan ti Yunifásítì Warwick gbé ìṣirò kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo alákòóso ìlú kà. Wọ́n mú àwọn agbègbè Íńdíà tí ilẹ̀ wọn bá igún lára mu, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí igún kò fi bẹ́ẹ̀ gbé, wọ́n sì wo iye ènìyàn tí ń kú ní ìhà méjèèjì kí diclofenac tó di olówó pọ́ọ́kú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú, ìhà méjèèjì ń lọ ní ìdọ́gba. Lẹ́yìn rẹ̀, ikú ènìyàn lọ sókè ní ibùgbé igún ní ohun tí ó lé ní mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọdún 2000 sí 2005, èyí jẹ́ nǹkan bí 500,000 ènìyàn tí ìbá wà láàyè bí igún bá wà láàyè. Wọ́n tún rí i pé títà abẹ́rẹ́ ajẹ́sára dìgbòlugi pọ̀ sí i, àti pé omi bàjẹ́ ní àwọn agbègbè náà. Bí wọ́n ṣe fi owó díwọ̀n òfò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dọọdún.

Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ẹ̀dá kan wà tí ó jẹ́ òpó àárín ilé: òpó kò pọ̀ tó ògiri, kò sì lẹ́wà tó ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, òrùlé yóò wó lé onílé lórí.

Ohun tí òfin lè ṣe

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìwádìí Oaks jáde, ní ọdún 2006, Íńdíà, Nepal àti Pakistan fi òfin de diclofenac fún ẹran ọ̀sìn. Bangladesh tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2010. Irú ìyára bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìṣèlú, ohun tí ó sì mú un ṣeé ṣe ni pé àwọn onímọ̀ kò gba oògùn lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí wọ́n fi ọwọ́ òfìfo sílẹ̀ fún un. Wọ́n dán oògùn mìíràn wò, meloxicam, lára igún ní Gúúsù Áfíríkà àti ní Íńdíà, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún màlúù láìpa ẹyẹ. Òfin tí ó gba ohun kan lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù láìfi òmíràn rọ́pò, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni wọn yóò ti máa rú u.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Diclofenac ti ọmọ ènìyàn ṣì wà nílé oògùn nínú ìgò ńlá tí ó tó gún màlúù, àwọn kan sì ń rà á fún ẹran. Ọdún 2015 ni ìjọba Íńdíà tó pàṣẹ pé ìgò abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju mìlílítà mẹ́ta lọ. Àwọn oògùn mìíràn, ketoprofen àti aceclofenac, tún jáde tí wọ́n ń pa igún bákan náà; ọdún 2023 ni Íńdíà fi òfin dè wọ́n fún ẹran ọ̀sìn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: kí ìjọba máa dán gbogbo oògùn ẹran wò lára ẹyẹ kí ó tó dé ọjà ni ọ̀nà tí ó tọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí òkú bá ti sùn.

Ní Pinjore ní ìpínlẹ̀ Haryana, ibùdó kan wà tí a ti ń tọ́ igún kí a lè dá wọn padà sínú igbó. Orúkọ Jatayu ni wọ́n fún un, ọba igún inú Ramayana, ìtàn àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ń jí obìnrin tí ń jẹ́ Sita gbé lọ. Ní ilẹ̀ Nepal, àwọn ará abúlé kan gba màlúù arúgbó, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ láìfún un ní oògùn burúkú títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, wọn a sì gbé òkú rẹ̀ fún igún. Níbẹ̀, iye igún ti dẹ́kun jíjá wálẹ̀, ó sì ti ń gbérí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ń yé ẹyin kan lọ́dún kò lè fi ọdún mẹ́wàá dí òfò ọdún mẹ́wàá.

Igún tiwa

Àwọn ará Íńdíà kò kórìíra igún. Àìmọ̀ ni ó pa á. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀, ó sì dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igún tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, tí ń bà ní ọjà àti ní ibi ìpẹran, ti ṣọ̀wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, láti ọdún 2015 ni àjọ IUCN sì ti kọ ọ́ sí ìpele ewu tí ó ga jù lọ. Onímọ̀ nípa ẹyẹ, Darcy Ogada, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò irú igún mẹ́jọ ní Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé iye wọn ti fi ìpín 62 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Nínú ikú tí wọ́n rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, májèlé ni ó fa ìpín 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Òwò ẹ̀yà ara wọn fún oògùn àti ìṣe ìbílẹ̀ ni ó fa ìpín 29. Ní Guinea-Bissau, ní ọdún 2019 sí 2020, májèlé pa igún tí ó lé ní 2,000, a sì rí lára wọn tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ lọ.

Orí igún wà ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ẹranko nínú ọjà wa lónìí. Àwa tí a ní èèwọ̀ tí ó dára jù lọ fún ẹyẹ yìí ni a ń fi owó ra ìrúfin èèwọ̀ náà. Ẹni tí ó bá rà á tún ń fi ara rẹ̀ wewu, nítorí májèlé tí ó pa igún kì í jáde kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dé inú àgbo. Iṣẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn ni láti kọ́kọ́ dá ẹnu sí i, inú mi sì dùn pé Nigerian Conservation Foundation ti bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Ọ̀nà kan náà tí meloxicam gbà ṣiṣẹ́ ni èyí: ká fi ohun tí ó dára sí ọwọ́ tí a gba ohun burúkú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pàdé ní Manila fi ọwọ́ sí ètò kan láti gba igún Áfíríkà àti Éṣíà là. Nàìjíríà náà sì ti ní òfin lórí ẹranko tí ó wà nínú ewu láti ọdún 1985. Òfin kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n ni ìwé ìṣirò irú èyí tí Prakash mú lọ sí Keoladeo. Bí àwọn yunifásítì wa bá ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ka igún ní ibi ìpẹran àti ààtàn ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, bí àwọn tí ń bójú tó ọjà bá ń kọ iye orí igún tí ó wọlé sílẹ̀, bí àwọn oníṣègùn ẹran wa bá ń wá ohun tí ó wà nínú òkú tí igún jẹ, a óò mọ ibi tí a dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀mí 500,000 ènìyàn ni Íńdíà fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Bí àwa tí a kà á bá jókòó títí igún wa fi tán, a kò ní lè sọ fún ọmọ wa pé àìmọ̀ ni ó ṣe wá.